Ṣé Àìsàn Ni? Ẹ̀kọ́ Lára Ìwádìí Hooker

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, nígbà kan, àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ka ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin sí aláìsàn. Àwọn tó wá gba ìtọ́jú tàbí tó wà lẹ́wọ̀n ni wọ́n sábà fi ń ṣe ẹ̀rí. Evelyn Hooker, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá, wá ṣàyẹ̀wò ọkùnrin 30 tó ń fẹ́ ọkùnrin àti 30 tó ń fẹ́ obìnrin, láìmú aláìsàn. Ó kó èsì wọn fún àwọn ògbógi láìdárúkọ. Wọn kò lè mọ ìyàtọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1957. Ní 1973, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò lára àìsàn. Ìwádìí 2019 sì fi hàn pé kò sí jíìnì kan ṣoṣo tó ń pinnu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí: aláìsàn nìkan kọ́ la fi ń mọ ìlera ìlú.