Ṣé mo lè pààrọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì nílé?

Ìbéèrè: Corolla mi àtijọ́ ń gbóná, ọ́ìlì rẹ̀ sì ti funfun bí ògì. Ṣé mo lè pààrọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì fúnra mi?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́, omi ti wọnú ọ́ìlì. Kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí ẹ tó tú u. Orí ẹ́ńjìnnì tó ti wọ́ ló sábà máa ń sọ iṣẹ́ yìí di àṣetúnṣe. Ẹ fi irin tó gún régé lé e lójú. Bí fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) 0.05 mm bá gba abẹ́ irin náà kọjá, ẹ gbé orí ẹ́ńjìnnì náà lọ fún àwọn tó ń fá a. Nígbà tí ẹ bá ń dá orí ẹ́ńjìnnì padà, láti àárín ni kí ẹ ti di bóòtù lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú sípánà tó ń wọn agbára. Mo bẹ̀ yín, ẹ má lo gásíkẹ́ẹ̀tì àlòkù. Ọ́ìlì àti fítà tuntun ni kí ẹ fi sí i.