Ohun Tí Ó Ń Mú Kí Ìfarapa Gun Ara Wọn Nínú Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ń wo eré bọ́ọ̀lù pẹ́ yóò ti ṣe àkíyèsí ohun kan: ìfarapa kì í sábà dá nìkan wọ inú ẹgbẹ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù bá fi ẹsẹ̀ rọ́ lónìí, kì í pẹ́ tí èkejì yóò fi di itan mú. Kí ojú sì tó mọ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan sí i, ẹ̀kẹta ti dùbúlẹ̀. Àwọn kan a máa wí pé ọwọ́ ayé ni, àwọn mìíràn a sì wí pé ẹgbẹ́ kejì ti ri nǹkan mọ́ ojú pápá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ń kàwé tú ọ̀rọ̀ náà wò dé ìdí, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí ó bí àrùn kò lè mọ oògùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ayé fojú rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà kó agbábọ́ọ̀lù 23 lọ sí ìdíje Ife Àgbáyé ní ilẹ̀ Brazil. Kí wọ́n tó débẹ̀ rárá ni Elderson Echiejile ti farapa níbi eré ìdánrawò tí wọ́n bá ilẹ̀ Gíríìsì gbá, tí a sì fi Ejike Uzoenyi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pàdé ilẹ̀ Iran ní ọjọ́ 16, Godfrey Oboabona farapa kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, Joseph Yobo ni ó sì wọlé dípò rẹ̀. Ní ọjọ́ 25, nígbà tí wọ́n ń bá Argentina gbá a, bọ́ọ̀lù tí Ogenyi Onazi gbá kíkankíkan ba Michael Babatunde tí í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọwọ́, egungun ọwọ́ náà sì ṣẹ́. Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn èyí, agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Faransé kan tẹ Onazi fúnra rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì di dandan kí ó fi pápá sílẹ̀. Ẹni mẹ́rin ni ó farapa láàárín oṣù kan! Faransé sì borí pẹ̀lú àmì ayò 2 sí òdo.

Èéṣe tí irú nǹkan báyìí fi ń ṣẹlẹ̀? Òtítọ́ ni pé àgbákò wà nínú eré. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé bọ́ọ̀lù tí ó ba Babatunde lọ́wọ́ ní ìdí kan yàtọ̀ sí pé ó wà ní ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbákò nìkan kọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ìdí kìn-ín-ní ni àárẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá sáré tàbí tí ó bá tàpá sí bọ́ọ̀lù, àwọn fọ́nrán kéékèèké inú iṣan rẹ̀ a máa já díẹ̀díẹ̀. Ìsinmi, oorun àti oúnjẹ ni ó ń tún wọn so, tí wọ́n sì ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí eré mìíràn bá dé kí àtúnṣe náà tó parí, iṣan tí ó ti rẹ̀ ni ènìyàn gbé lọ sí ojú ogun. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbá eré 38 lọ́dún, láìka àwọn ìdíje ife mọ́ ọn; àwọn tí ń gbá họ́kì lórí yìnyín ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tilẹ̀ ń gbá ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, kí ìdíje àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀. Bí irin tilẹ̀ ni ara, yóò jẹ.

Ìdí kejì ni ìfarapa àtijọ́ tí kò tíì san tán. Ọrùn ẹsẹ̀ tí ó ti yẹ̀ rí, tàbí iṣan ẹ̀yìn itan tí ó ti já rí, ni ó súnmọ́ àtiṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì jùlọ. Ìrora a máa lọ kí agbára tó padà. Òun ni ó ń tan agbábọ́ọ̀lù jẹ. Ẹni tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ń dùn a sì máa gbé ara lé ti òsì, títí èyí náà yóò fi bàjẹ́.

Ìdí kẹta ni ó jinlẹ̀ jù, òun sì ni ó so gbogbo wọn pọ̀. Ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó dé Ayétòrò àti títí lọ dé Tube ní ìhà ààlà, iṣẹ́ oko kò ṣàjèjì sí ọmọdé, a sì mọ ohun tí à ń pè ní àáró. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá jọ ń ṣe àáró, tí àìsàn dá méjì dúró sílé, ilẹ̀ oko kò tìtorí bẹ́ẹ̀ dínkù. Ebè tí mẹ́wàá ìbá kọ, mẹ́jọ ni yóò kọ ọ́. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, àwọn mẹ́jọ yìí náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í di ìbàdí mú, àáró yóò sì ku mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rí. Ẹni tí ó farapa gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Orí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹrù náà bọ́ sí. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ tí ó gbọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí yóò rọ́pò ẹni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ìfarapa kò jẹ́ kí Wilfred Ndidi, Victor Boniface àti Sadiq Umar bá Nàìjíríà lọ sí ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Côte d'Ivoire. Alhassan Yusuf, Terem Moffi àti Paul Onuachu ni a pè dípò wọn. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà dé àṣekágbá ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, kí àwọn onílé tó fi àmì ayò 2 sí 1 borí wọn.

Ìdí kẹrin ni ìfarapamọ́lára, èyí tí í ṣe àṣìṣe àwọn ọ̀dọ́ jùlọ. A máa ń yin ẹni tí ó bá fara da ìrora ní akọni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nottingham Forest, fi ara gbá òpó ilé. Ó dìde, ó sì wà lórí pápá títí eré fi parí. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé ìfun rẹ̀ ti bàjẹ́. Iṣẹ́ abẹ ni àwọn oníṣègùn fi gba ẹ̀mí rẹ̀ là, wọ́n sì fi oògùn mú un sùn fún ìgbà díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Bí a bá rí èyí, a ó mọ̀ pé ohun tí ojú kò rí nínú ara lè pa ènìyàn.

Ǹjẹ́ nǹkan wà tí a lè ṣe? Ó wà. Oluwatoyosi Owoeye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní Èkó, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Ẹgbẹ́ 20 ni wọ́n lò, tí àwọn ọmọ inú wọn jẹ́ 416, láti ọmọ ọdún 14 sí 19. Apá kan ń ṣe eré ìnara kan tí à ń pè ní FIFA 11+ kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù: sísáré jẹ́jẹ́, fífò, dídúró lórí ẹsẹ̀ kan, àti mímú iṣan itan àti ti ikùn le. Apá kejì ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìfarapa àwọn apá kìn-ín-ní fi ìdá 41 nínú 100 dínkù sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Eré ìnara yìí kì í gbà ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ nara kí ẹ tó sáré. Ẹ ṣa òkúta kúrò lórí pápá, ẹ sì dí ihò inú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, ẹ fi eré sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi omi tútù sí i, ẹ fi aṣọ dì í, ẹ gbé e sókè. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi gbígbóná wọ́ ọ ní ọjọ́ náà, nítorí yóò mú kí ó wú sí i. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ sọ fún olùkọ́ yín. Ẹni tí ó fi ìrora pamọ́ nítorí kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà pàdánù ní ọ̀sẹ̀ yìí lè mú kí ẹgbẹ́ náà pàdánù rẹ̀ fún ọdún kan. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ṣùgbọ́n eékún tí ó bàjẹ́ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Dárúkọ ìdí mẹ́rin tí ìfarapa fi ń gun ara wọn nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù.
2. Báwo ni òǹkọ̀wé ṣe fi àáró ṣe àpèjúwe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àgbákò àti ìfarapa tí ó ní ìdí? Mú àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan wá láti inú àyọkà yìí.
4. Ṣàlàyé ìtumọ̀ òwe yìí bí a ti lò ó: “Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.”
5. Kọ àròkọ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí: “Kì í ṣe gbogbo ìfaradà ni akin.”