Adágún Omi Ìgbẹ́ Lẹ́yìn Ìkún-omi: Ẹ Ka Èyí Kí Ẹ Tó Padà Sílé

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ilé yín wà nítòsí adágún omi ìgbẹ́ ìlú ti ń béèrè bóyá ẹ lè fi omi rẹ̀ fọ aṣọ àti ilé nígbà tí ẹ bá padà lọ. Ẹ ní kò rùn mọ́, ó sì ti di aláwọ̀ ewé. Rárá o, ẹ má ṣe é. Ìdí rẹ̀ nìyí.

Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ irú adágún bẹ́ẹ̀. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní tirẹ̀. Èyí tó wà ní Nsukka àti èyí tó wà ní Zaria náà ní. Páìpù ló ń gbé omi ilé ìgbẹ́ àti balùwẹ̀ wá síbẹ̀. Adágún àkọ́kọ́ máa ń jìn, mítà 2 sí 5. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ti ń rì sísàlẹ̀, tí kòkòrò tí kò nílò afẹ́fẹ́ sì ń jẹ ẹ́. Èkejì kò jìn ju mítà 1 sí 2 lọ. Oòrùn ń wọ inú rẹ̀, ewéko tíntìntín sì ń hù níbẹ̀. Àwọn ló ń fún omi ní àwọ̀ ewé, àwọn náà ló ń pèsè afẹ́fẹ́ fún kòkòrò mìíràn tó ń jẹ ẹ̀gbin tó kù. Nínú adágún tó gbẹ̀yìn, oòrùn ń pa kòkòrò àrùn, ẹyin aràn sì ti rì sínú ẹrẹ̀.

Gbogbo èyí lè gba ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọjọ́ yẹn gan-an ni ìkún-omi gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí odò bá ya wọ adágún, ó ń ti omi tó wọlé lánàá jáde, ó sì ń ru ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè tòun ti ẹyin aràn. Àwọ̀ ewé kò sọ pé omi mọ́. Ohun tó ń sọ ni pé ewéko rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀, ìgbẹ́ wa sì ni oúnjẹ náà.

Ẹja ibẹ̀ ńkọ́? Ó sanra, mo mọ̀. Ebi kì í sì wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ ìdílé yín kò bá tó, ẹ wá sọ fún wa kí ẹ tó ju àwọ̀n. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo sọ́kàwéè tàbí ṣáláńgá, ilẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ adágún fún yín: ó ń sẹ́ omi ìgbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kànga fi gbọ́dọ̀ jìnnà sí ṣáláńgá, ó kéré tán mítà 30. Bí ilẹ̀ bá ti mu omi yó, kò lè sẹ́ ohunkóhun mọ́. Nítorí náà, ẹ má mu omi kànga tí ìkún-omi bò títí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ yóò fi bá yín tọ́jú rẹ̀. Ẹ má sì yára fà á gbẹ. Bí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ṣì rin gbindingbindin, ó lè ya lu ẹni tó wà nínú rẹ̀. Álọ́ọ̀mù ń mú kí omi mọ́ lójú ni, kì í pa kòkòrò àrùn tán. Ẹ se omi mímu kí ó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ sì dé e.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń yàgbẹ́ olómi tó dà bí omi ìṣanrẹsì, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Àrùn onígbáméjì lè gbẹ̀mí ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà, kí ó má ga ju etí ṣíbí lọ, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà 1 omi tí ẹ ti sè tó ti tutù, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.