Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: BÍ A Ó TI BẸ̀RẸ̀ ÌHÌNRERE LÚÙKÙ

Kíkà: Lúùkù 1:1–4

Ní ọ̀sẹ̀ yìí ni ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ wa ní Laranto yóò ṣí Ìhìnrere Lúùkù. Orí 24 ni ó ní. Orí kan ni a ó máa kà lọ́sẹ̀.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn díẹ̀. Nígbà tí a ń ka Mátíù, a kò tí ì dé orí keje tí ìjókòó fi ń ṣófo. A fi Bíbélì lé ará wa kan lọ́wọ́ pé kí ó kà, láìbéèrè bí ó mọ̀wé. Ojú tì í, kò sì padà wá mọ́. Tiwa ni ẹ̀bi náà, kì í ṣe tirẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹnì kan ni yóò máa ka orí náà sókè lẹ́ẹ̀mejì, kí gbogbo wa lè gbọ́. A kì yóò pe ẹnikẹ́ni láti kàwé, bí kò ṣe ẹni tí ó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀.

Gbígbọ́ kì í ṣe ohun ìtìjú. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1844, ní Freetown, Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣóògùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn ará wa tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Lúùkù 1:35 ni ó mú wàásù. Bíbélì Yorùbá lódidi kò tí ì sí nígbà náà. Ó di 1884 kí ó tó jáde. Etí ni wọ́n fi gbọ́ ọ, ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ti baba wọn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti wà lórí òkè yìí.

Ta ni Lúùkù? Oníṣègùn ni (Kólósè 4:14). Ó ní òun wádìí ọ̀ràn náà fínnífínní, òun sì tò ó lẹ́sẹẹsẹ fún Tìófílù, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé a kì í fọwọ́ sí ìwé tí a kò wádìí; ẹ̀yin oníṣòwò ọjà Kàtàkó mọ̀ pé a kì í ra pákó láìyẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, ẹ má ṣe bẹ̀rù láti béèrè.

Ṣùgbọ́n ìwé yìí náà yóò béèrè lọ́wọ́ wa. Yóò wo àpò wa: ẹ wo ohun tí Jòhánù sọ fún àwọn agbowó-òde àti àwọn ọmọ ogun (3:12–14), àti bí Sákéù ti dá owó padà ní ìlọ́po mẹ́rin (19:1–10). Nígbà tí a bá sì dé ará Samaríà (10:25–37), yóò béèrè ta ni aládùúgbò wa. Láti ìgbà rògbòdìyàn Jos ní 2001, 2008 àti 2010, àwọn kan nínú wa kò tíì tún tẹ ẹsẹ̀ sí àdúgbò kan, wọn kò sì kí oníbàárà wọn àtijọ́ mọ́. A kò ní fi ipá mú ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà; ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sáré kọjá, nítorí àwọn méjì tí ó kọjá nínú ìtàn náà pàápàá kò rí ìyìn gbà.

Ìbéèrè:
1. Kí ni ìdí tí Lúùkù fi kọ̀wé?
2. Kí ni ìwọ alára fẹ́ kí ó dá ọ lójú?
3. Ta ni o lè lọ bẹ̀ wò kí ó lè padà wá?

Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wá pẹ̀lú ẹnì kan. Kí Olúwa ṣí wa létí. Àmín.