Ṣé kí n gbé àdògán sílé adìẹ lásìkò ọyẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Adìẹ ìbílẹ̀ méjìlá ni mo ń sìn lẹ́yìnkùlé. Ọyẹ́ yìí mú gan-an. Bílẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á ṣù mọ́ra, wọ́n á wú ìyẹ́. Mo ti fi náílọ̀n bo ilé wọn yíká. Ṣé kí n gbé àdògán èédú sí i lóru?
Ìyá oníadìẹ, Màkún, Ṣágámù

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú wọn, mà. Ẹ rí òtútù lára wọn, ẹ sì ń wá ooru fún wọn. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àdògán wọbẹ̀ rárá.

Ìyẹ́ tí wọ́n wú yẹn ni ẹ̀wù òtútù wọn. Ara adìẹ gbóná tó 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tiwa kò ju bíi 37 lọ. Àgbà adìẹ tí ara rẹ̀ le, tí ibùsùn rẹ̀ sì gbẹ, òtútù Ṣágámù kò lè pa á.

Èédú ló lè pa á. Nínú ilé tí ẹ fi náílọ̀n dí, iná èédú ń tú atẹ́gùn olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, bó sì ṣe ń pa adìẹ náà ló ń pa èèyàn. Ìgbẹ́ adìẹ pàápàá ń tú òórùn tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Láàárọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ débi tí orí adìẹ mọ, kí ẹ fa atẹ́gùn ibẹ̀ símú. Bó bá ta yín lójú, ilé náà ti há jù.

Àríwá àti ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi náílọ̀n sí, kó ga díẹ̀ ju igi tí wọ́n ń sùn lé. Ẹ ká ìyókù kúrò. Ẹ da ìyẹ̀ igi gbígbẹ sílẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti tutù.

Òròmọdìẹ tí kò sí lábẹ́ ìyá rẹ̀ ló nílò iná: ooru bíi 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ máa dín 3 kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gílóòbù ni kí ẹ fi kọ́ sókè wọn. Bí wọ́n bá ṣù sábẹ́ rẹ̀, kò tó. Bí wọ́n bá sá fún un, ó ti pọ̀jù.

Adìẹ tí ọrùn rẹ̀ bá lọ́, tó ń ṣu àwọ̀ ewé, kì í ṣe òtútù ló ń ṣe é. Ó lè jẹ́ àrùn lùkúlùkú, tó máa ń jà lásìkò ọyẹ́. Ẹ yà á sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ pe dókítà ẹran. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí ọyẹ́ tó wọlé ni kí ẹ ti fún gbogbo wọn ní àjẹsára rẹ̀.