Láti Abaji lọ wo bọ́ọ̀lù ní Lọ́kọ́ja: Ẹ ṣe é, ẹ má ṣe é

Ọ̀nà méjì ló wà fún ará Abaji tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bọ́ọ̀lù líìgì. Ó lè dojú kọ Abuja, kó lọ sí pápá ńlá Moshood Abiola, tàbí kó kọrí sí Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Odò Benue ti pàdé. Lọ́kọ́ja ni èmi máa ní kí ẹ lọ. Pápá Confluence tó wà níbẹ̀ kò tóbi. Ẹ ó gbọ́ ohùn kóòṣì bó ṣe ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ ó sì mọ ẹni tó ń ṣe ojo nínú wọn. Kogi United ló ń ṣojú ìlú náà lápá ọkùnrin, Confluence Queens lápá obìnrin. Nǹkan bí ìdajì ọ̀nà Abuja sí Lọ́kọ́ja sì ni Abaji wà, ẹ ti rin ìdajì kí ẹ tó kúrò nílé. Ìyókù gba ètò.

Ẹ wo ìṣesí odò kí ẹ tó wo àtẹ ìdíje.
Ní ìlú Shrewsbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí kíláàbù ibẹ̀ tó kó kúrò ní pápá Gay Meadow létí odò Severn ní 2007, wọ́n ní ọkùnrin kan tó máa ń fi ọkọ̀ ojú omi kékeré lọ gbé bọ́ọ̀lù tó bá já sómi. Odò ti Lọ́kọ́ja kò rí tìyẹn rò. Bó bá bínú, ọ̀nà ló ń gbà mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Láti oṣù Kẹsàn-án wọ oṣù Kẹwàá ni omi máa ń kún jù níbẹ̀, kódà nígbà tí òjò Abaji bá ti ń dẹwọ́. Omi ọ̀nà jíjìn ni. Guinea ni Odò Ọya ti ń ṣàn bọ̀, ó gba dáàmù Kainji àti ti Jebba kọjá. Benue ní tirẹ̀ ń bọ̀ láti Cameroon, níbi tí wọ́n ti máa ń ṣí dáàmù Lagdo nígbà tó bá kún dẹ́nu. Ìjọba Nàìjíríà ní òun máa kọ́ dáàmù Dasin Hausa sí Adamawa láti gba omi Lagdo dúró. Ariwo dáàmù yẹn la ṣì ń gbọ́. Ní 2012, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2022, omi bo títì lágbègbè Koton Karfe àti Lọ́kọ́ja, ọkọ̀ tò lọ rẹrẹ, ọ̀pọ̀ èrò sì gun ọkọ̀ ojú omi kọjá lórí ibi tí táyà máa ń gbà. Ìkún omi 2022 yẹn pa ju 600 èèyàn lọ káàkiri Nàìjíríà.

Nítorí náà, bí ìdíje bá bọ́ sí oṣù méjì yẹn, ẹ gbọ́ ohun tí àjọ NIHSA, tó ń ṣọ́ omi odò fún ìjọba àpapọ̀, bá sọ nípa Lọ́kọ́ja. Láti oṣù Kọkànlá lọ, ọkàn yín lè balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ omi.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àtẹ ìdíje tí ẹ rí lórí fóònù lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.
Líìgì wa ni mò ń sọ o, kì í ṣe ti England. Wọ́n lè sún ìdíje síwájú, wọ́n lè gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Ní 2017, Niger Tornadoes, ọmọ Minna, ń gba àlejò ní Lọ́kọ́ja bí ẹni pé ilé wọn ni. Ẹ wá ẹnìkan tó ń gbé Lọ́kọ́ja, ẹ pè é lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó bá yín béèrè ní ẹnu géètì pápá.

Ẹ ṣírò àsìkò àbọ̀ kí ẹ tó ṣírò ti àlọ.
Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìdíje líìgì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìṣẹ́jú 45 kún un, ìsinmi ìṣẹ́jú 15, ìṣẹ́jú 45 mìíràn, àti èyí tí rẹfirí bá fi lé e: aago mẹ́fà ku díẹ̀ ti lù. Ẹ ò tíì jáde ní géètì. Kí ẹ tó rí kẹ̀kẹ́ dé gáréèjì, kí ọkọ̀ tó kún, oòrùn ti wọ̀, nítorí kò sí oṣù kankan lọ́dún tí ilẹ̀ kì í ti ṣú kí aago méje tó kọjá lọ títí. Kí ẹ tó dé Felele ẹ ti wà nínú òkùnkùn, afárá Murtala Muhammed àti Koton Karfe sì wà níwájú, pẹ̀lú tírélà tí kò ní iná lẹ́yìn. A ti gbọ́ ìròyìn ìjínigbé lọ́nà yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, n kò ní í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ sùn sí Lọ́kọ́ja. Bí owó òtẹ́ẹ̀lì bá ń dùn yín, ẹ kúkú jókòó sílé kí ẹ wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò sí góòlù tó dùn tó kí èèyàn tìtorí rẹ̀ rin ọ̀nà yẹn lóru.

Ẹ má wọ ọkọ̀ tó bá ṣáà ti dúró fún yín létí títì.
Mo mọ̀ pé ní Abaji, ọkọ̀ tó ń ti Abuja bọ̀ máa ń dẹwọ́ kó fi ìjókòó kan tó ṣófo wá èrò, owó rẹ̀ sì máa ń dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n Abuja yẹn náà ni ìlú tí wọ́n ti sọ wọn-ṣáǹsì, ìyẹn fífi ọkọ̀ èrò ja èèyàn lólè, di iṣẹ́. Ẹ lọ sí gáréèjì, ẹ wọ ọkọ̀ tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ dẹ́rẹ́bà rẹ̀ mọ̀ ọ́n lórúkọ.

Ẹ mú owó lọ́wọ́.
Owó wẹ́wẹ́. Ẹni tó ń ta gúgúrú kò ní POS, nẹ́tíwọ̀kì sì mọ ọjọ́ tó yẹ kó lọ.

Ẹ jókòó sápá ìwọ̀-oòrùn.
Inú kòtò ni Lọ́kọ́ja wà, òkè Patti tì í lẹ́yìn, odò dí i níwájú. Ooru a máa mú níbẹ̀ ju bó ṣe ń mú ní Abaji lọ, pàápàá láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹrin. Ní aago mẹ́rin, oòrùn ṣì ń ta gan-an. Ẹni tó bá jókòó sápá ìlà-oòrùn, ojú ni yóò fi gbà á títí ìsinmi yóò fi dé. Ẹni tó bá kọ ẹ̀yìn sí i yóò rí bọ́ọ̀lù wò. Bí ibi tó ní òrùlé bá wà tí owó rẹ̀ fi díẹ̀ ju tìyókù lọ, ẹ san án. Ẹ dé fìlà, ẹ ra píọ̀ wọ́tà kí òùngbẹ tó gbẹ yín, nítorí lẹ́yìn ìsinmi, èyí tó tutù ti tán. Àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ jókòó sínú oòrùn yẹn rárá, bó ti wù kó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tó.

Ẹ má fojú di bọ́ọ̀lù obìnrin.
Bó bá jẹ́ pé ìdíje Confluence Queens ni ọjọ́ yín bọ́ sí, ẹ má yí padà. Wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì obìnrin tó ga jù lórílẹ̀-èdè yìí. Nínú líìgì yẹn sì ni ọ̀pọ̀ àwọn Super Falcons ti dìde, àwọn tó lu Morocco 3–2 ní Rabat ní oṣù Keje 2025 láti gba ife Áfíríkà wọn ìkẹwàá. Ìdíje wọn kì í sábà ní ìjà, nítorí náà òun ni mo máa ń ní kí àwọn tó bá ń mú ọmọdé dání kọ́kọ́ lọ wò.

Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ wọ pápá.
Ì báà jẹ́ ayọ̀ ni. Kíláàbù ni yóò san owó ìtanràn, wọ́n sì lè ti géètì mọ́ gbogbo òǹwòran nígbà tó bá tún kàn.

Ẹ kí àwọn tó jókòó tì yín, ẹ má sì fi Yorùbá bú rẹfirí bí ẹni pé ìkọ̀kọ̀ lẹ wà.
Nupe, Igala, Ebira àti Hausa ni ẹ ó máa gbọ́, ẹ ó wá rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Àwọn ará Oworo ń gbé níbẹ̀ láti ayébáyé, Yorùbá ni wọ́n. Àwọn ará Kabba àti Okun yòókù sì kún ìlú. Bàbá àgbà tó fara balẹ̀ ń jẹ obì níwájú yín lè yíjú padà, kó sì dá yín lóhùn pẹ̀lú òwe.

Ẹ fi òwúrọ̀ ọjọ́ kejì rìn nínú ìlú.
Ó tán, ẹ ti sùn síbẹ̀, ìtàn ìlú náà sì pọ̀. Ajàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, bá àwọn òyìnbó gba ojú odò wá sí agbègbè yìí ní 1841. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Lọ́kọ́ja ní 1865, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity sì wà níbẹ̀ di òní. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1900, Lọ́kọ́ja yìí náà ni Lugard ta àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sí.

Ẹ gun òkè Patti ní àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí odò méjèèjì bí wọ́n ṣe ń pàdé, àwọ̀ ọ̀kan kò jọ ti èkejì. Ẹnikẹ́ni tó bá mú yín yíká yóò sọ fún yín pé orí òkè yẹn ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó sí tó fi sọ orílẹ̀-èdè yìí ní Nàìjíríà. Ìtàn dídùn ni, ẹ má bá a jà. Ìwé ìròyìn The Times ti London ló kọ ọ́ sí ní oṣù Kìíní 1897, ọdún mẹ́ta kí Lugard tó ta àsíá rẹ̀.

Ẹ má wọ ọkọ̀ ojú omi láìwọ jákẹ́ẹ̀tì.
Bí ẹ bá fẹ́ dé ojú ibi tí omi ti pàdé gan-an, àwọn ọlọ́kọ̀ wà tí yóò gbé yín. Lọ́kọ́ja ni orílé-iṣẹ́ NIWA wà, àwọn tó ń mójú tó ojú omi fún ìjọba, òfin wọn sì ni pé kí èrò kọ̀ọ̀kan wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, kí ọkọ̀ má sì rin òru. Ọlọ́kọ̀ tó bá ní èyí tó wà nílẹ̀ ti tó, pé ẹ̀yin mọ omi í wẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wọ ọ́, kí ẹ sì di okùn rẹ̀. Èyí tí wọ́n kàn gbé kọ́ èjìká kò wúlò.

Ẹ má ra ẹja lálọ.
Yíyan rẹ̀ máa ń pe èèyàn ní Koton Karfe, àwọn ìyá á ti gbé e súnmọ́ fèrèsé ọkọ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ kí wọn, ẹ ní ó di àbọ̀. Ẹja tí ẹ bá rà lálọ yóò bá yín wọ pápá, yóò bá yín sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, gbogbo aṣọ inú báàgì ni yóò sì gba òórùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ tútù lẹ fẹ́, láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń padà bọ̀ ni kí ẹ rà á ní Lọ́kọ́ja, kí ẹ ti mú kúlà àti yìnyín dání, kí ẹ sì bá dẹ́rẹ́bà sọ ọ́ kí ó tó di ẹrù.