Ẹ Sọ Ọ́ Láti Ìbẹ̀rẹ̀

Ìyá kan wọlé tọ dókítà lọ. Ó ní, "Dókítà, nǹkan ń rìn lórí mi."

Dókítà tó ń kánjú lè kọ oògùn iná orí fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní, "Ẹ máa wí, ìyá, mò ń gbọ́," ó lè gbọ́ pé láti ìgbà tí ọkọ ìyá yìí ti kú ni kò ti rí oorun sùn, tí orí rẹ̀ ń gbóná, tí àyà rẹ̀ sì ń já. Oògùn iná kò lè wo ìyẹn.

Ní 1984, Howard Beckman àti Richard Frankel tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gba ohùn dókítà àti aláìsàn sílẹ̀ nígbà 74. Wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n rí i pé, ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 18 péré ni aláìsàn fi ń sọ̀rọ̀ kí dókítà tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. A kì í tíì kí ara wa tán láàárín ìyẹn!

Ní ọsibítù àìsàn ọpọlọ tó wà ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lambo gba ọ̀nà mìíràn ní 1954. Ó ní kí ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ máa wá pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, kí wọ́n jọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ọsibítù, kí ó máa ti ibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ra. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí gan-an. Aláìsàn lè má lè ròyìn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbí rẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọsibítù, ẹ má kàn sọ pé "ara mi ò yá" kí ẹ sì dákẹ́. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ọ̀sán ló máa ń le ni, àbí òru? Kí lẹ ti lò sí i? Àgbo ni a máa ń fi pamọ́ jù, nítorí a ń bẹ̀rù kí nọ́ọ̀sì má bú wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́. Àgbo kan wà tó ń ba ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín jẹ́, òmíràn sì ń bá oògùn ọsibítù jà nínú ara.

Bí wọ́n bá já lu ọ̀rọ̀ yín, ẹ fi sùúrù sọ pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ó ku díẹ̀."